Ọjọ́ Tá A Lọ Jókòó sí Kóòtù Nítorí Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dublin nílẹ̀ Ireland, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni mò ń gbé ní Clonsilla. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ bá adúgbò náà báyìí ò lè mọ bó ṣe rí nígbà yẹn. Owó ń wọ ìlú, ilé tuntun ń yọ níbi tí màlúù ti ń jẹko tẹ́lẹ̀, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ á rí òmíràn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwa èèyàn dúdú náà ń pọ̀ sí i. Tá a bá pàdé nínú rélùwéè, a óò kí ara wa bíi pé abúlé kan náà la ti wá.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ti gbà á síbi tó ti máa kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí àlejò tó wọlé wa tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀, bó ṣe ń jáde ní ibùdókọ̀ rélùwéè ni àwọn ọlọ́pàá dá a dúró. Ẹnì kan ti já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì ní èèyàn dúdú ni olè náà. Obìnrin ọ̀hún wo ẹ̀gbọ́n mi lójú, ó ní, "Kì í ṣe òun." Ó yẹ kọ́rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní kó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé, nígbà tí ẹni tí wọ́n jà lólè ti ní kì í ṣe òun. Ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tó padà délé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ya, ètè rẹ̀ sì ti wú. Wọn ò dárúkọ olè mọ́. Wọ́n ní ó lu ọlọ́pàá.

Ìyàwó rẹ̀ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ni tó lu ọlọ́pàá tọ́jú aláìsàn."

Lọ́yà tí ìjọba fún un ní kó gbà pé òun jẹ̀bi, kí ẹjọ́ lè tètè parí. Pásítọ̀ wa náà ní kó gbà bẹ́ẹ̀, kó sì máa gbàdúrà. Alhaja kan tó ń ránṣọ ní Blanchardstown ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ti tẹ̀ lé ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ sí kóòtù rí, òun àti ọmọ náà nìkan, ó ní kí òun tó jókòó dáadáa, wọ́n ti dájọ́ tán.

"Wọ́n mọ̀ pé ńṣe la máa ń dá wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kó ara wa lọ jókòó síbẹ̀. Ìjókòó ò lòdì sófin."

Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìwé ìgbélùú tèmi ò tíì jáde."

Ìyá àgbà òyìnbó kan ló ń gbé nínú ilé tó fara ti tiwa. Rélùwéè kan náà lòun àti ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe mú un. Èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ́rìí. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọmọ àbúrò mi wà lára àwọn ọlọ́pàá yẹn, ọmọ mi," ló sọ. Ló bá rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, a wọ bọ́ọ̀sì. Àmọ́ nígbà tá a débẹ̀, àwọn èèyàn ti ń dúró dè wá. Àwọn kan wá láti Phibsborough lọ́hùn-ún, àwọn kan tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Àwọn obìnrin oníhíjáábù jókòó ti àwọn tó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó kún, àwọn tó kù sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ọkùnrin tí ìwé rẹ̀ ò tíì jáde ò wọlé, àmọ́ mo rí i lójú fèrèsé, ó dúró ní òdìkejì títì nínú òjò. Adájọ́ gbójú sókè, ó bi lọ́yà pé ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Lọ́yà tó ti ní ká gbà pé a jẹ̀bi tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Àwọn èèyàn rẹ̀ ni, olúwa mi."

Àwọn ọlọ́pàá ti rojọ́ tán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ìyá àgbà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ síwájú adájọ́.

"Mi ò rí i kó gbọ́wọ́ sókè," ló wí. "Ó béèrè ìbéèrè ni. Èmi náà ì bá béèrè."

Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. A ò hó, a ò pàtẹ́wọ́; Alhaja ti kìlọ̀ fún wa. Ìta la ti dì mọ́ ara wa, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì sunkún.

Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ parí sí ayọ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n kò wọ rélùwéè mọ́, bí òjò rọ̀, bí yìnyín bọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Kánádà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ìyá àgbà ò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní Kérésì ọdún yẹn, àwa la gbé oúnjẹ lọ bá a. Tí wọ́n bá tún mú èèyàn wa, Alhaja á pè wá, a óò lọ jókòó. À ń borí nígbà míì. Nígbà míì, wọ́n á mú ẹni náà gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ sẹ́wọ̀n níṣojú wa.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá ti di lọ́yà ní ìlú yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, Blanchardstown ni mo bí i sí; tí mo bá sọ Yorùbá sí i, ohùn Dublin ló fi ń dá mi lóhùn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọlọ́pàá dá a dúró níbi tó ti ń dúró de àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní òun yọ ọwọ́ nínú àpò, òun dúró jẹ́ẹ́, òun ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ òun láti kékeré. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé nǹkan kan ò ṣe òun. Ó bu oúnjẹ rẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹun. Mò ń wò ó. Ó dùn mí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀.