Royce Tó Gbé Ọmọ Rẹ̀ Sílé Onílé

Òmùgọ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀ lábúlé wa, àbúrò mi Royce Wadleigh sì ni olórí wọn. Ìyá kan náà ló bí wa, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Masasúsẹ́tì níbí ni pé á wọ aṣọ dúdú, á dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, á máa ṣe bí bàbá Pùrítánì, àwọn Kristẹni òfin-líle tó tẹ ibí dó láyé àtijọ́, nínú ilé àtijọ́ kan fáwọn tó wá wòran. Á jókòó jẹun, àwọn ọmọ eléré á dúró ti tábìlì, wọn ò ní sọ̀rọ̀ àfi tó bá bi wọ́n. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Royce bá gbà pé òun ti gbọ́n.

Ó gbé eré náà délé. Tabitha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, dẹni tó ń jẹun lórí ìdúró, tó ń pe bàbá ẹ̀ ní "sà". Bó bá sunkún, Royce á ní ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló ń ké nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù kọ́, ebi ni.

Ló bá tún kà á níbì kan pé àwọn Pùrítánì, baba ńlá wa, máa ń fi ọmọ sílé ẹlòmíì, kí ìfẹ́ òbí má bàa bà á jẹ́. Ó gbé Tabitha wá bá mi, tòun ti àpótí.

"Àǹtí Verna, ọdún kan péré ni. Àwọn òbí ìsinsìnyí ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́."

"Royce, àwọn yẹn gbé ọmọ lọ nítorí pé ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́kàn wọn. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo nìfẹ́ tìẹ pọ̀ jù?"

"Ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín."

"Kò yé mi lóòótọ́. Gbé àpótí yẹn wọlé, kó o máa lọ."

Ọmọ náà bi mí pé ibo lòun máa dúró sí jẹun. Inú bí mi, mo fa àga fún un.

Mi ò sọ pé ti òde òní dáa. Darlene, aládùúgbò mi, ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́rin kó jọ̀ọ́ wọ bàtà, ọmọ ń gbá a létí. Ìyẹn náà, ìranù ni. Ṣùgbọ́n Darlene mọ ohun tó ń ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù. Royce ò mọ̀ pé Tabitha ń bẹ̀rù òkùnkùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí i: wá wo ọmọ yìí kó tó gbàgbé ẹ. Ó fèsì pé àwọn àtijọ́ kì í yọjú. Agbára káká ni mi ò fi lọ fa fìlà yẹn ya.

Ọdún pé, ó dé. Kò dé fìlà, ojú rẹ̀ pọ́n. Àárò ọmọ ti wá ń sọ ọ́, òmùgọ̀ náà.

Tabitha tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, sà."

"Tábì, bàbá ẹ ni. Mo wá gbé ẹ."

Ó na apá méjèèjì sí i. Ọmọ náà kò sún mọ́ ọn. Ó wọlé, ó gbé àpótí ẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bàbá ẹ̀.

"Ilé ta lẹ tún ń gbé mi lọ, sà?"