Bẹ́ǹṣì Tó Ga Ju ti Oǹdó Lọ

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, èmi ni mo kọ́ gbogbo ìlú Àkúrẹ́ ní ìjókòó. Kí n tó dé, ìdúró ni wọ́n wà. Ìdúró ni wọ́n ti ń jẹun, ìdúró ni wọ́n ti ń sùn, àwọn adìẹ wọn pàápàá, ìdúró ni wọ́n ti ń yé, tí ẹyin á sì máa fọ́ yángá. Lọ́jọ́ tí mo kan bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ tí mo sì jókòó lé e, àwọn èèyàn ya wá láti Ọ̀dà títí dé Ìdànrè, wọ́n ní irú àrà wo nìyí, ṣé orúnkún èèyàn ṣe é ká báyìí ni? Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Àwọn tí ìbá jẹ́rìí sí i ti kú tán, èmi nìkan ni mo kù, ẹ̀rí mi sì tó.

Mo rántí ìgbà tí ìlú le yẹn dáadáa. Ìjọba ní kí gbogbo wa di àmùrè wa mọ́ra, àwa tí ṣòkòtò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nídìí wa. Owó ọkọ̀ láti Ọ̀dà sí Àkúrẹ́ fò sókè débi pé àwọn awakọ̀ fúnra wọn ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀rọ omi ìlú kò mú nǹkan kan wá mọ́ àfi afẹ́fẹ́. Bí o bá ṣí i, á súfèé sí ọ lójú. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ìdí iṣẹ́ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó wá kan pósí fún òkú wọn pàápàá ń bi mí bóyá mo ní pákó àlòkù.

Báyìí ló ṣe di pé ẹsẹ̀ ni ìyàwó mi fi ń rin ọ̀nà Ọ̀dà. Oko bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ibẹ̀ ni à ń jẹ, òun náà ni à ń tà, orí ìyàwó mi ló sì ń gbà wọ ìlú. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ẹrù tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, o kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò bá ọ gbé e, nítorí o kò ní lè dá a gbé dórí mọ́. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á kàn ké sí ẹni tó ń kọjá pé "ẹ bá mi gbé e," ó parí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ru tirẹ̀. Àlàpà kan ló ń ṣàánú àwọn obìnrin ọ̀nà Ọ̀dà. Ògiri ilé kan tó ti wó kí wọ́n tó bí mi ni, ó kù sí gbàgede tó wà lẹ́nu ìlú, gíga rẹ̀ kò ju àyà obìnrin lọ. Wọ́n á fara tì í, wọ́n á rọra ti ẹrù sórí rẹ̀, wọ́n á nu ojú, wọ́n á fẹ́ra díẹ̀, wọ́n á tún tẹ orí ba, wọ́n á fà á padà sórí, ó di ilé. Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì ti kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé bí ọrùn rẹ̀ kò bá máa sinmi lójú ọ̀nà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lè gbé orí ara rẹ̀ mọ́, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Inú ìnira yìí ni àwọn àgbààgbà ìlú dúró sí (n kò tíì kọ́ wọn ní ìjókòó, ẹ rántí), wọ́n rò ó títí, wọ́n sì rí i pé ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún wa ni ibi tí a ó ti máa gba atẹ́gùn. Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀, ó yẹ kó rí ibi tó tura jókòó sí tí ebi yóò ti máa pa á. Ni wọ́n bá yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ àwòrán gbàgede tuntun wò. Alága wa jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀ ló ń gbé, kì í sì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wúkọ́. Àlàájì aláṣọ tẹ̀ lé e, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ débi pé èdè Àkúrẹ́ ló fi ń bú èèyàn. Akọ̀wé wa, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Òkìtìpupa, a máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan ikọ́ Alága. Èmi ni ẹnìkẹrin. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, márùn-ún nínú kíláàsì, ìkẹfà láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní nítorí ọgbọ́n orí mi ni wọ́n ṣe pè mí. Káfíńtà tó bá wà nínú ìgbìmọ̀, ojú á tì í láti gba owó iṣẹ́. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ẹnu mi kò lè pa dé. Òdòdó kún ibẹ̀. Kiní kan wà láàárín tí omi ń tú jáde sókè nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọ́n yà síbẹ̀, òyìnbó ni gbogbo wọn, ọ̀kan sì ń fa ajá.

"Ta ló ni ajá yìí?" Àlàájì béèrè.

"Ọ̀ṣọ́ ni, Àlàájì," Alága dá a lóhùn.

"Omi tó ń tú sókè yìí ńkọ́, níbo ló ti ń bọ̀? Èmi tí mò ń wá omi àlùwàlá káàkiri."

Alága wúkọ́. "Nínú àwòrán, omi wà."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ti yanjú.

Èmi ń wá àlàpà, n kò rí i. Òdòdó ni wọ́n yà sí ojú ibẹ̀. Ìyàwó mi sì ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé, "Bàbá Ìbejì, bí wọ́n bá wó àlàpà yẹn, orí yín ni n ó máa sọ ẹrù lé." Mo dìde bí akọni. Alága wò mí lókè gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Káfíńtà, ṣé o ní àtakò?" Mo ní, "Rárá sà, mo ní kí n kí yín ni." Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ ńlá tí mo bá wọn sọ níbẹ̀ nìyẹn.

Katapílà dé, ó wó àlàpà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí ìyàwó mi dé tòun ti ẹrù, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò tíì sọ̀ ọ́ láti Ọ̀dà. "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́," ló wí. Nígbà tí mo gbà á, ìbàdí mi dún. Ó jókòó, ó di ọrùn mú. Ó wá sọ fún mi pé obìnrin tí àwọn jọ ń bọ̀ láti Ọ̀dà sọ tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní gbàgede, ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e.

"Ẹ̀yin ará ìgbìmọ̀, kí lẹ fi rọ́pò àlàpà?"

"Òdòdó."

"Ó dáa. Ẹ lọ bi òdòdó bóyá á bá a gbé e."

Èmi ni mo lọ bá obìnrin náà gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìgbìmọ̀ kò tíì yanjú: báwo ni bẹ́ǹṣì gbàgede yóò ṣe ga tó? Alága ní a kò lè pinnu rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ti Oǹdó. Bí a ṣe ń ṣe nǹkan nílùú wa nìyẹn: a ó wo ohun tí Oǹdó ṣe, a ó bú u, a ó wá fi díẹ̀ kún un. A há mọ́ra níwájú pikọ́ọ̀pù Àlàájì, ó di Oǹdó. Olóyè kan gbà wá ní gbàgede tiwọn. Ó fi èdè Oǹdó kí wa, a fi ti Àkúrẹ́ dá a lóhùn, kálukú ń ṣe bí ẹni pé ohun tí ẹnìkejì ń sọ kò yé òun tán. Bẹ́ǹṣì símẹ́ńtì wà níbẹ̀, wọ́n dára. Alága jókòó, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wọn gíga rẹ̀ bí ẹni tó ń họ ẹsẹ̀.

"Ẹ sinmi dáadáa," olóyè náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní orí òkúta lẹ ṣì ń jókòó sí lọ́hùn-ún."

Ẹ̀rín Alága gbẹ. A wọ ọkọ̀, a kọrí sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn.

"Alága sà, ti Oǹdó ga tó orúnkún."

"Mo rí i."

"Ṣé olú-ìlú odidi ìpínlẹ̀ ló máa ṣe tirẹ̀ ní orúnkún?"

Alága ronú. "Ká gbé e sí itan."

"Itan kẹ̀?" ni Àlàájì wí. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á gbé tiwọn sí itan lọ́la. Ìbàdí ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

Akọ̀wé dá kálàmù dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn á ṣì lè jókòó sórí ẹ̀?"

Gbogbo wa wò ó bí amí tí Oǹdó rán wá. "Ará Òkìtìpupa, máa kọ̀wé rẹ," Àlàájì wí. "Ọ̀rọ̀ yìí ju ìjókòó lọ."

"Àyà," ni mo wí wẹ́rẹ́. "Wọn ò ní lè lé e bá láéláé."

"Àyà," Alága gbà, ojú rẹ̀ ń dán.

"Àyà ta ni kí n kọ?" akọ̀wé béèrè.

"Ti ìyàwó mi," ni mo dáhùn. "Òun ni mo mọ ìwọ̀n rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi wọ Àkúrẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Mo fi téèpù wọn ìyàwó mi láti ilẹ̀ dé àyà. Ó ní ṣé pósí òun ni mò ń kàn. Mo gbé ẹsẹ̀ símẹ́ńtì dúró, mo tẹ́ pákó ìrókò lé e. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, a gbé Alága gun ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Ó wúkọ́, ó ní láti ibẹ̀ òun ń rí Oǹdó, òun sì rí i pé ojú ń tì wọ́n. Kò wá lè sọ̀kalẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán, òkè ni a nawọ́ rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ ọjà, mo lọ dúró síbẹ̀. Àwọn obìnrin Ọ̀dà dé, wọ́n sọ ẹrù wọn sórí bẹ́ǹṣì ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ìyàwó mi dé, ó sọ tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo ayé, ó kì mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì gún iyán pẹ̀lú ẹran ọ̀yà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbà wá yí. Ewúrẹ́ jẹ òdòdó. Kiní olómi kò tú omi rí. Wọ́n fẹ ọ̀nà, wọ́n hú bẹ́ǹṣì mi kúrò, ìyàwó mi náà sì ti lọ sinmi. Irọ́ tí mo pa fún yín ń wúwo lórí mi báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjókòó Àkúrẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, kò nílò ìjẹ́wọ́. Alága gun bẹ́ǹṣì lóòótọ́, ó sọ̀ fúnra rẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti lọ jẹun. Ibi tí mo ti dá irọ́ sílẹ̀ gan-an ni ibi ìyàwó mi. Kò kúnlẹ̀. Kò kì mí. Ẹ̀bà la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹran níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti ẹrù sórí bẹ́ǹṣì, ó nu ojú, ó yí ọrùn sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó tẹ orí ba, ó fà á padà sórí, ó sì kọjá lára mi, ó ń lọ sílé. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì láti bá a gbé e. Mo kó wọn padà sápò.