Òpó Tí Àkànó Rì Sáàárín Gọ́tà

Bírìkìlà ni Àkànó, ará Cow Lane bíi tèmi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi ni mo máa ń sọ tiẹ̀ mọ́ tèmi. Afárá kéékèèké mẹ́ta ló wà lórí gọ́tà ńlá àdúgbò wa. Èyí tó pẹ́ jù, òkúta ni àwọn òyìnbó fi mọ ọ́n, ó gbé ẹ̀yìn sókè bí ahun, inú ẹ̀ ṣófo, omi ń bá tiẹ̀ lọ. Èkejì, irin rélùwéè àtijọ́ ni, wọ́n tẹ́ pákó lé e lórí. Àkànó ló kọ́ ẹ̀kẹta lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn: kọnkéré pẹrẹsẹ. Àwa ọlọ́jà la ní kó tẹ́jú ká lè gbé tábìlì lé e. Irin tá a rà ò tó, ló bá ri òpó kan sáàárín gọ́tà kó má baà wó.

Òpó yẹn ni wàhálà. Gbogbo bọ́lá tí omi bá gbé wá, ọ̀rá, ìgò, tìmùtìmù, ara ẹ̀ ló ń há sí. Yàrá Nàfísátù, ẹ̀gbọ́n Àkànó tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ, ò sì jìnnà síbẹ̀.

Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, Àkànó gbé òòlù dé.

"Ẹ kó tábìlì yín. Àṣìṣe ni mo ṣe, mo fẹ́ wó o."

Afua, ọmọ onílẹ̀ tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ tiwọn, bú sẹ́rìn-ín. "Anago!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. "Ṣé kí n máa ta kẹ́ńkè lórí omi bíi pẹ́pẹ́yẹ ni?"

"Àǹtí Afua, omi máa wọlé bá ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbé e lọ sílé ẹ nígbà náà!" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, mi ò ní purọ́.

"Ìyá Suhaib, ó lóun ò ní kúrò nílé ọkọ òun."

Kò sẹ́ni tó kó tábìlì. Àkànó wá ń wọ gọ́tà lójoojúmọ́, ó ń fọwọ́ kó bọ́lá, àwa ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni òjò dé, Àkànó wà ní mọ́sáláṣí. Omi kọlu òpó, ó yí padà, ó wọ yàrá Nàfísátù. Ká tó já ilẹ̀kùn, Nàfísátù ti kú sínú omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àkànó tún gbé òòlù dé. Afua fúnra ẹ̀ ló bá mi gbé tábìlì. Mo bu omi fún Àkànó.

"Àkànó, forí jì mí."

Kò wojú mi.

"Ẹ sún sẹ́yìn, Ìyá Suhaib. Òkúta máa ta bà yín."

Ó tún gbé òòlù sókè.