Bàbá Tó Ń Kí Mi Nídìí Sínúkà

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ariwo ló ń ba eré sínúkà jẹ́. Irọ́ ni. Mo ti gbá a níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké mọ́ mi létí, tí àwọn ọkùnrin ń fi Hausa bú mi, tí wọ́n ń bi mí bóyá mo ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ kí n tó jáde. "Kai, màdáámù, ọ̀pá yìí kì í ṣe ọmọrogùn o!" Wọ́n máa wí títí. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, tí àgbọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá, màá mí síta pẹ̀lẹ́, màá wo ibi tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù funfun ti kan èkejì rẹ̀, ojú mi kò sì ní kúrò níbẹ̀. Èébú kì í wọ̀ mí létí nígbà yẹn. Ohun tó wọ̀ mí létí ni ìkíni. Ìkíni lásán, láti ẹnu àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé pérépéré!

Rayfield, ní Jos, ni a ti ń gbá a, ní ilé ọtí kan tí kò jìnnà sí àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ wa. Kápútéènì wa, ọkùnrin onífáàrí kan tó ń ta táyà, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, àmọ́ ó mọ̀ pé ọwọ́ mi balẹ̀. Àwọn ará Zawan ni a máa ń bá figagbága: wọ́n á wá sọ́dọ̀ wa, àwa náà á lọ sọ́dọ̀ wọn. Bàbá tí mò ń wí yìí, Zawan ló ń bá lọ. Yorùbá bíi tèmi ni. Òun àti bàbá mi tó ti kú jọ ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, Zawan ló kọ́lé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà lójú ẹ̀ tí kì í kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ tó bá rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n wá bá wa, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ọ̀mì títí eré fi ku èmi àti ọ̀dọ́kùnrin Berom kan tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Mo ti kó gbogbo tèmi wọlé, ó ku bọ́ọ̀lù dúdú, ó sì wà lẹ́nu ihò gan-an. Ẹni tó bá kó o wọlé ló gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, mo mí síta. Mo ń fa ọ̀pá sẹ́yìn lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn bàbá náà ní ọ̀kánkán mi:

"Ẹ káàsán o, màdáámù."

Ẹ gbọ́ o! Àgbàlagbà ló ń fi "ẹ" kí mi. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìwọ ọmọdé rí àgbà, o ò kí i, òun ló wá ń kí ọ. Ó ti bú ọ tán nìyẹn. Ìyá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, kì í fi irú ẹ̀ ṣeré. Mo jẹ ìgbátí lọ́pọ̀lọpọ̀ kí orúnkún mi tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an. Lọ́jọ́ yẹn náà, orúnkún ò bi mí léèrè. Kí n tó ronú, mo ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàsán sà! Ẹ má bínú sà!" Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni ọ̀pá ọwọ́ mi kan bọ́ọ̀lù funfun, ó sì yí gbirigbiri lọ.

Fáwùlù ni. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù funfun fún ọmọ Zawan, ó gbé e síbi tó wù ú, ó kó àwọn tiẹ̀ tó kù wọlé, ó fi dúdú kún un. Wọ́n na wá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó kúnlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù!" Ojú tì mí, àmọ́ mo ṣì rò pé bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àfi bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà tí mo gbọ́ tó ń bá ọ̀dọ́kùnrin yẹn sọ̀rọ̀ ní Hausa, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Na gaya maka, za ta durƙusa." Mo sọ fún ọ, á kúnlẹ̀.

Kò tiẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ta ni kò gbọ́ Hausa ní Jos, ká tó wá sọ èmi tí wọ́n bí síbẹ̀? Inú bí mi gan-an. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ wọ́ ọ! Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi fi ìgbátí kọ́ mi, òun náà ló mú, tó fi dẹ pańpẹ́ fún mi. Èébú ì bá sàn. Tó bá jẹ́ èébú ni, mo mọ bí mo ṣe máa dá a padà.

Kápútéènì wa dúró tì mí nígbà táwọn yòókù ń lọ. "Ìwọ lo ba tiwa jẹ́," ló wí. "Tí o bá tún pàdánù ní Zawan, o ò gbá fún wa mọ́ nìyẹn. Wàá máa wá pàtẹ́wọ́." Kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tó máa fi yọ mí.

Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ sí ilé ọtí wa ní Rayfield lọ́sàn-án tí kò bá sí èrò. Mo bẹ ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ń dáná níbẹ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì kó máa kí mi. Ó bi mí bóyá orí mi ti dàrú, àmọ́ ó ń ṣe é. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Màmá ńkọ́? Ẹ ò dá mi lóhùn?" Ẹ má rò pé ó rọrùn. Nígbà míì omi á lé sí mi lójú, torí ó ń ṣe mí bíi pé ìyá mi ni mo kẹ̀yìn sí. Lẹ́yìn náà ni inú á tún bí mi, apá mi á le gan-an, bọ́ọ̀lù á sì gba ibòmíì lọ. N kò lè lé ìbínú náà lọ, mo kàn ń kọ́ bó ṣe máa jókòó sí ikùn mi tí kò ní dé ọwọ́.

Ọyẹ́ ti mú ká tó lọ sí Zawan. Bí mo ṣe wọlé, ọ̀dọ̀ bàbá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò, mo kí i, mo béèrè ìyàwó ẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ. Ó súre fún mi, mo ṣe àmín. Kò sí ẹni tó máa sọ pé mi ò kí i.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn náà ni wọ́n tún fi sí mi, eré náà sì tún ku bọ́ọ̀lù dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. Mo rí i tí bàbá dìde lórí àga, tó rọra rìn wá, tó dúró sẹ́yìn ihò tí mò ń wò.

"Ẹ káàsán o, màdáámù."

Orúnkún mi fẹ́ lọ. Mo dá a dúró.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní ẹ káàsán."

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ kápútéènì wa: "Dá bàbá lóhùn, jàre!" Ẹ gbà mí o, kápútéènì tèmi! Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ ì bá wà láyé, ojú ì bá tì í."

Ó lọ hú bàbá mi jáde ní sàréè nítorí sínúkà! Mo mí síta, mo sì gbá a. Dúdú wọlé.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo nà ró, mo kọjú sí bàbá. "Mo ti kí yín nígbà tí mo wọlé, sà. Ẹ sì súre fún mi." Ó pòṣé. Ó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ká tó mọ̀, kápútéènì wa ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, pé ìwà ọmọdé ni. Ó dìde, ó yíjú sí mi.

"Kúnlẹ̀ kí o bẹ bàbá. Tí o ò bá ní bẹ̀ wọ́n, fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, a ò bá ọ gbá mọ́."

"Haba! Ẹ ní tí mo bá pàdánù ni. Ṣé mo pàdánù?"

"Ìyẹn kọ́ la ń sọ."

"Kí la wá ń sọ?"

Àwọn yòókù ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn, àwọn kan náà tó rẹ́rìn-ín ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀. Mo gbé ọ̀pá lé orí tábìlì. Mi ò kúnlẹ̀.

Wọ́n fẹ́ fi fọ́tò pẹ̀tù sí bàbá nínú. Gbogbo wọn kóra jọ yí i ká, ti Rayfield, ti Zawan, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Kápútéènì na fóònù ẹ̀ sí mi. "Ó kéré tán, bá wa yà á." Mo gbà á. Mo dojú ẹ̀ kọ tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́, mo dá a padà fún un.

Ó wò ó, ó tún un wò. "Àwa dà?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbá a," ni mo sọ fún un, mo sì jáde lọ wá kẹ̀kẹ́.