Ìwé Tó Gbé Mi Lọ Sẹ́nu Iléru

Èmi ni mò ń yẹ irin wò nílé iṣẹ́ kan ní Sango. Irin tó bá sán, màá kọ fọ́ọ̀mù ìdápadà fún un. Ọdún mẹ́ta gbáko, èmi gan-an ló sán. Tímùtímù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn mi nísàlẹ̀ ti gbó. Bí mo bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àfi kí n dìde.

Oògùn ò ràn án, bẹ́líìtì ò ràn án. Ni dókítà bá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí: wọ́n á ti abẹ́rẹ́ gbọọrọ bọ inú tímùtímù yẹn, wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ojú ibi tó sán lè sún kì, kí iṣan tó ń gbé ìrora lè dákẹ́. Wọn ò ní là mí. Màá sùn sílé mi lọ́jọ́ náà.

"Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o," ó ní, "àmọ́ tiyín yẹ ní dídánwò."

Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Oju Ore dé Joju.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan péré ni ẹni tó ń ṣe é ń bọ̀, kò sì ní padà wá lọ́dún náà mọ́. Dókítà kọ̀wé kí n fi gbàyè níbi iṣẹ́: mò ń lọ fún hiiti-tiriitimẹ́ǹtì, ìyẹn ìtọ́jú olóoru.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ rèé: ọ̀gá obìnrin tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ò ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Hiiti-tiriitimẹ́ǹtì lorúkọ ẹ̀ka tí a ti ń fi iléru mú irin le. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú Ìṣẹ́gun náà, orúkọ mi ti wà lára pátákó: kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́nu iléru láti ọ̀la.

Mo sáré lọ bá a. "Mà, dókítà wo ló ń pín èèyàn sẹ́nu iléru?"

Ó tún ìwé náà wò, ó sì yára ká a pọ̀. Ẹ̀bi kejì: ó mọ̀, kò gbà. "Ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi dé ọ̀dọ̀ fóòmánù iléru, ọmọ Ọ̀yọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín bèèrè iná."

"Ẹ̀yìn mi ni wọ́n fẹ́ mú gbóná."

"Ẹ sún mọ́bí nígbà náà. Ọ̀fẹ́ ni tiwa."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n mú fọ́ọ̀mù ìdápadà mi wá. Níbi tí mo máa ń kọ nọ́ńbà irin sí, ó kọ orúkọ mi. Nísàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: *Ó sán nísàlẹ̀. Kò yẹ fún iléru wa. Ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe lọ́la.* Mo gbé e lọ fún ọ̀gá obìnrin yẹn; ó rí fọ́ọ̀mù tó mọ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Kò ka ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dojú bolẹ̀ lórí tábìlì ilé ìwòsàn, ojú mi là kedere.

"Ṣé ó ti ń gbóná?" ni ẹni tó ń ṣe é bi mí.

"Ó ti ń gbóná, sà." Ẹ̀rín ń pa mí.

Ó tó oṣù méjì kí ìrora náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Nígbà náà ni mo kọ ẹ̀sùn mi sí ilé iṣẹ́, ojú ìwé mẹ́rin, kò sí ẹ̀bi kan tí mo fò. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó kọ ọ́. N kò dìde lẹ́ẹ̀kan.