Gbogbo Rẹ̀ Ni Kó O Gé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fẹ́ kí n rù. Ní Ìdímù tí mò ń gbé, bí èèyàn bá sanra, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́; bí ó bá rù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ rẹ̀ níwòkuwò. Àwọn tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí ládùúgbò ń dá mi dúró, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan o. Mo ní kò sí. Wọ́n á tún ní ṣé mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Mo ti lọ. Àyẹ̀wò gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, àfi kí n dín ara mi kù. Mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí. Rọpárọsẹ̀ ló dá ìyá wa wólẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la sì ń gbé wọn yí lórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi lọ. Mo búra pé ọmọ mi kò ní gbé mi yí bẹ́ẹ̀.

N kò gbààwẹ̀, n kò sì mu àgbo kankan. Mo dín òkèlè kù, mo fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìgàndò, màá sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, màá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà mìíràn oṣù á parí, ìwọ̀n á kọ̀ kò ní yẹ̀. Inú á bí mi, màá sì tún rìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi sanra, kò sẹ́ni tó pèpàdé lé e lórí nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé iyán wá fún mi láti ilé wọn ní Ẹ̀gan nínú kúlà. Màá bù ú jẹ níwọ̀nba, màá dúpẹ́, màá sì bo kúlà padà.

Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò mí lára, mo kó wọn lọ bá télọ̀ wa, arákùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń rán aṣọ fún àwa méjèèjì, pé kó dín wọn. Ọjọ́ tí mo wọ ọ̀kan, nǹkan ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yí aṣọ náà padà. Télọ̀ a máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe díẹ̀. Kò gé ohunkóhun. Ṣe ló ká gbogbo rẹ̀ sínú.

Mo padà lọ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà níbẹ̀, wọ́n wá gba aṣọ tiwọn. Mo ní kí télọ̀ gé e. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

“Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ara rẹ á padà bọ̀ jàre. Àbí o ò rántí bí Màámi ṣe rù kí wọ́n tó kú?”

Mo rántí. Ó yé mi nígbà yẹn pé ẹ̀rù ló ń gbé iyán wá láti Ẹ̀gan. Inú mi rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yí ohùn padà.

“Màámi sanra lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú,” ni mo wí. “Ṣé ẹ rántí ìyẹn náà? Àwa méjèèjì ò lè gbé wọn nílẹ̀.”

Télọ̀ mú sísọ́ọ̀sì, ó ní bí òun bá ti gé e, kò ṣeé tú mọ́ o. Kí n má purọ́, ó wu èmi náà pé kí àyè yẹn wà, bóyá ó lè rẹ̀ mí lọ́jọ́ kan. Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ wà nìyẹn.

“Gbogbo rẹ̀ ni kó o gé,” ni mo wí.

Ó gé e. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Ó sàn kí wọ́n sunkún mi báyìí, tí mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi.