Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Dẹnu Kọlẹ̀ ní Sátidé

Díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1980 ni wọ́n gbé mi lọ sí Iloffa láti máa kọ́ni. Ìlọrin ni ìyàwó mi ti ń kọ́ni ní tirẹ̀, àwọn ọmọ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbé ilé tíṣà tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ fà. Àwọn kan ń pè é ní kànga. Kì í ṣe kànga. Nítorí ilé mi sún mọ́ ọn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ìkáwọ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni bí inú mi ṣe dùn tó. Ariwo àwọn obìnrin tó ń du ipò fún garawa ni mo fi ń jí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu kọlẹ̀. Apá rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa mí jáde. Mo tú u, mo rí i pé awọ tó ń fa omi sókè nínú rẹ̀ ti jẹ. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, òmíràn tún jẹ. Ìgbìmọ̀ ìlú ní bó bá tún bàjẹ́, àwọn á tì í pa, kí kálukú padà sí adágún. Adágún yẹn ló ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní sòbìà.

Mo mú ìwé, mo ń kọ ọjọ́ tó bá bàjẹ́ sílẹ̀. Sátidé ni gbogbo rẹ̀. Mo wá gbé àga síta ní Sátidé kan, mo jókòó tì í. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ti rẹ̀, òmíràn á gbà á; ẹ̀rọ kò sinmi. Nígbà tó yá, omi inú ilẹ̀ kò lè bá wọn mọ́, awọ sì ń ha irin ní gbígbẹ.

Mo bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí gbogbo yín fi ń wá lónìí?”

Ìyá Mùsùlùmí kan tó ń ta ọṣẹ fi ọwọ́ lé ìbàdí. “Ẹ gbọ́ o, tíṣà ń bèèrè! Ta ló ń fi àgádágodo sí i lọ́jọ́ Àìkú? Èmi tí mò ń kírun Jímọ̀, kí ló kàn mí nínú Sọ́ńdè yín?”

“Ìyá, ẹ rọra o,” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀, “kó má lọ ti ọ̀run mọ́ yín!”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Òtítọ́ sì ni. Èmi ni mo dá òfin yẹn, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ọjọ́ méjì ni wọ́n ń fi ọjọ́ kan pọn.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Mo ṣí i lọ́jọ́ Àìkú, mo pín wákàtí fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tì í lọ́sàn-án kí omi lè tún sun. Awọ tí mo fi sí i lẹ́yìn ìyẹn lò ju ọdún kan lọ. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́.

Ènìyàn méjì, mẹ́ta ló kù tó ń wá lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń dúró pẹ́ débi tí yóò fi bú ẹlòmíràn. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, bóyá ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ sọ.

“Ẹ káàárọ̀, tíṣà.”

“Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà.”

Garawa rẹ̀ á ti kún.